Odò Láṣebìkan Tí Ẹnikẹ́ni Kò Lè Sọdá

“Ẹ̀gbọ́n Láṣebìkan, odò yín yìí, ìwà ìkà ni! Mo ní ìwà ìkà ni! Ẹ pe gbogbo abúlé kí wọ́n wá gbọ́!”

Ohùn Àwẹ̀ró nìyẹn, Àwẹ̀ró tó ń se ọṣẹ dúdú ní Òkè-Ìrókò. Tí obìnrin yìí bá kígbe lẹ́bàá ààrò rẹ̀, ewúrẹ́ tó ń jẹ koríko ní ìsàlẹ̀ abúlé á gbórí sókè. Ẹ jẹ́ kí ohùn náà ṣì wà lókè níbẹ̀ ná. Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan.

Gbogbo wa là ń pa á lówe pé ẹni tó ń yẹ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Àgbà ń pa á, ọmọdé ń pa á, ẹni tí kò yẹ ọ̀nà kankan rí láyé rẹ̀ gan-an ló ń pa á jù. Ó dáa. Kí ló fà á tí kò fi mọ̀? Ṣé kò ní ọrùn tó lè yí ni? Àbí ojú rẹ̀ fọ́? Àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ilẹ̀ wà níwájú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì jìnnà sí i ju ìṣísẹ̀ kan lọ. Kí ló dé tí kò bojú wẹ̀yìn kó rí i pé ọ̀nà òun ti ń ká bí ìrù ajá? Mo ti bi àwọn tó ń fi òwe yìí bá èèyàn wí. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣe bá a. Irú wọn, wọ́n kàn ń gbé òwe mì ni, wọn ò fi eyín kàn án.

Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi lónìí: kì í ṣe ọ̀nà oko ló bí òwe yìí. Eré ló bí i. Eré àwọn àgbàlagbà tí wọ́n jókòó sórí ẹní ní ọ̀sán gangan, tí wọ́n ń bá ara wọn fa ìjà nítorí igbó tí kò sí níbì kankan.

Láṣebìkan ló dá eré náà sílẹ̀. Afíngbá ni, kò sì sí ẹni tó lè fín igbá tó o ní gbogbo agbègbè náà. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti wà lára igbá, ọkàn rẹ̀ á ti gba ibòmíràn lọ, sínú igbó ńlá kan tí òun nìkan mọ̀. Nígbà tó yá, ó sú u láti máa dá rìn níbẹ̀. Ó kó àwọn èèyàn jọ, ó sì pe eré náà ní Ìrìn Igbó.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹnì kan á jókòó sórí àpótí. Òun ni wọ́n ń pè ní Ayẹ̀nà, nítorí òun ló ń sọ bí igbó ṣe rí àti ohun tó dúró de èèyàn ní ìyànà. Àwọn yòókù á jókòó sórí ẹní, àwọn ni èrò tó ń tẹ̀ lé e bọ̀ lẹ́yìn. Èrò kọ̀ọ̀kan á yan ẹni tó wù ú láti jẹ́ nínú igbó náà. Jayéọlá adẹ́mu, tí ẹ̀rù alángbá ń bà, yan ọdẹ tó ń fi ọwọ́ lásán pa ẹkùn. Àwẹ̀ró, tí kò tíì rìn kọjá ọjà tó wà nítòsí rí, yan obìnrin ọlọ́kùn, ẹni tí kò sí ohun tí kò lè fi okùn dè tàbí kó fi okùn gùn. Èrò kọ̀ọ̀kan ní ekùrọ́ mẹ́ta níwájú rẹ̀. Ẹ̀mí rẹ̀ nìyẹn. Bí ọ̀ràn bá le, wọ́n á da owó ẹyọ mẹ́rin sórí ẹní. Iye tó bá lanu ló ń sọ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i.

Ní òpin igbó náà, ìlú kan wà. Ìlú Ojúmọ́ ni Láṣebìkan pè é. “Lọ́jọ́ tí ẹ bá dé ibẹ̀,” ó máa ń sọ, tí ojú rẹ̀ á máa dán, “ẹ óò gbọ́ ohun tí etí yín ò gbọ́ rí.” Ọdún méjì ni wọ́n fi ń rìn lọ síbẹ̀. Wọn ò dé ibẹ̀. Odò kan ló wà láàárín.

Òfin odò náà nìyí, bí Láṣebìkan ṣe gbé e kalẹ̀: èrò tó bá dé odò gbọ́dọ̀ da owó ẹyọ kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lanu. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, odò gba ekùrọ́ kan. Bí ekùrọ́ bá tán, èrò rì. Bí èrò kan ṣoṣo bá sì rì, gbogbo èrò padà sílé kí wọ́n tún ìrìn bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n rì títí wọn ò ka iye ìgbà mọ́.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́ yìí, Àwẹ̀ró ti múra odò sílẹ̀. Fún ìjókòó mẹ́ta gbáko, nígbà tí Jayéọlá ń lé ẹkùn káàkiri, okùn ni Àwẹ̀ró ń lọ́ nínú ìtàn náà. Láṣebìkan, tó jẹ́ Ayẹ̀nà, ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé okùn náà ti gùn ju odò lọ. Wọ́n wá dé etí omi.

“Ayẹ̀nà,” Àwẹ̀ró wí, “mo so ìdí okùn mi mọ́ igi tó wà níbí, mo sì sọ orí rẹ̀ há igi tó wà lódìkejì. Jayéọlá, di okùn mú, jẹ́ ká máa lọ.”

Láṣebìkan mi orí. “Odò kò mọ okùn. Ẹ da owó ẹyọ.”

“Ìjókòó mẹ́ta ni mo fi lọ́ okùn yìí!”

“Òfin ni òfin. Níbo ni òfin odò ti dárúkọ okùn?”

Wọ́n da owó ẹyọ. Jayéọlá rì. Wọ́n padà sílé. Ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró ti fò dìde lórí ẹní, tó ké ìbòsí tí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ yẹn.

“Ìwà ìkà? Èmi Láṣebìkan?” Afíngbá náà dìde lórí àpótí. “Ọdún kan gbáko ni mo fi ro eré yìí, tí mo ń ba igbá oníigbá jẹ́ nítorí pé ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Ìwọ wá jókòó sórí ẹní, o ń gan iṣẹ́ mi?”

“Mi ò gàn án, ẹ̀gbọ́n. Igbó dáa. Ẹkùn dáa. Arúgbó aláta tó ń pa irọ́ fún èèyàn ní ìyànà, ó dáa púpọ̀, mo máa ń rántí rẹ̀ tí mo bá ń ro ọṣẹ. Odò nìkan ni mo ní kò dáa.”

“Ẹni tó bú odò mi, èmi ló bú.”

Jayéọlá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹ mọ irú wọn, àwọn tó máa ń gbèjà ẹni tí kò bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀. “Àwẹ̀ró, fi ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ jàre. Eré wo ni ìwọ dá sílẹ̀ rí? Ẹni tí kò lè ṣe òfin kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan òfin.”

“Ẹ gbọ́ adẹ́mu! Ṣé ó dìgbà tí mo bá gun ọ̀pẹ kí n tó mọ̀ pé ẹmu rẹ ti kan?”

“Ẹmu mi ò kan rí!”

“Ó kan lọ́jọ́ ọjà tó kọjá.”

Yèyé Ẹfúntọ́lá ló sọ ìyẹn, kò sì gbé ojú kúrò lára ẹ̀gúsí tó ń bó. Ìyá arúgbó ni, òun ló ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣeré. Òun fúnra rẹ̀ kì í ṣeré, ó máa ń jókòó ti ògiri kó máa gbọ́ ni.

“Yèyé, oòrùn ọjọ́ yẹn ló mú kí—”

“Mo ní ó kan. Èmi ni mo mu ún. Ẹ máa bá ìjà yín lọ.”

Àwẹ̀ró rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, tí mi ò bá fẹ́ràn eré yìí, ṣé màá fi ọṣẹ sílẹ̀ lórí iná kí n wá jókòó síbí? Ìkòkò méjì ló ti jó mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí igbó yín. Ẹni tí kò fẹ́ jẹun nílé kan mọ́ ló ń dákẹ́ tí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ wọn. Èmi ṣì fẹ́ jẹun níbí.”

Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí inú ń bí kì í ya ọ̀rọ̀ gidi sọ́tọ̀ kúrò lára èébú. Láṣebìkan na ìka sí i.

“Láti òní lọ, ìwọ àti ẹní yìí ti pínyà. Ìjókòó méjì ni mo fún ọ. Bí o bá wá kúnlẹ̀ tí o ní odò mi dáa, o padà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, obìnrin ọlọ́kùn rẹ bá omi lọ nìyẹn, ìyàwó Jayéọlá á sì gba ààyè rẹ.”

Ẹ̀yin tí ẹ kò ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ rí lè máa rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in tán. Ọṣẹ tí Àwẹ̀ró ń se, ti ọjà ni. Ilé rẹ̀, ti ọkọ àti ọmọ ni. Obìnrin ọlọ́kùn tó ń rìn nínú igbó yẹn, òun nìkan ló ni ín. Ọdún méjì ló ti ń gbé e rìn, ó fẹ́ gbé e dé Ìlú Ojúmọ́, ó fẹ́ rí ohun tó wà níbẹ̀. Kíkúnlẹ̀ kò ṣòro fún un, ó ti kúnlẹ̀ fún ẹni tó burú ju Láṣebìkan lọ. Ohun tí kò lè ṣe ni kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé odò náà dáa.

Nígbà tó délé, ó mú owó ẹyọ mẹ́rin, ó jókòó ti ààrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á. Bó bá dà á, á fi èédú fa ìlà kan sára ògiri. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá lanu, á fi ẹfun fa ti ìyẹn. Ọkọ rẹ̀ wọlé, ó wo ògiri, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó jáde. Ọlọ́gbọ́n ọkùnrin ni. Nígbà tí ọṣẹ fi máa jinná, ọgọ́rùn-ún ìlà ló wà lára ògiri náà, mẹ́ta péré ló sì jẹ́ ti ẹfun.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Láṣebìkan ní ìdí igbá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo ògiri mi.”

Láṣebìkan kò dá ọ̀bẹ dúró. “Ògiri ilé ìdáná kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Odò mi kò le. Ẹ̀yin ni ẹ kò mọ owó ẹyọ dà, ọwọ́ yín ti wúwo jù. Ṣé o rò pé mo kàn sọ òfin sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni? Mo dán an wò kí n tó gbé e kalẹ̀.”

“Ẹ dán an wò?”

“Pẹ̀lú ọwọ́ ara mi.”

Àwẹ̀ró dìde, ó gbọn ìdí aṣọ rẹ̀, ó lọ. Ṣùgbọ́n abúlé kò tóbi tó kí ọ̀rọ̀ ògiri má rìn. Kí ọjọ́ tó rọ̀, Yèyé Ẹfúntọ́lá ti mú ọ̀pá rẹ̀, ó ti dé ilé ìdáná Àwẹ̀ró. Ó dúró níwájú ògiri náà pẹ́. Ó fi ìka tọ ìlà ẹfun náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ó sì wá òmíràn títí. Ó ní kí Àwẹ̀ró bu ọṣẹ díẹ̀ fún òun, ó sì padà sílé.

Ìjókòó kìíní kọjá láìsí Àwẹ̀ró. Jayéọlá nìkan ló wà lórí ẹní, òun àti ẹkùn rẹ̀, ó sì ń yán. Nígbà tó di ìjókòó kejì, Láṣebìkan dé, ó bá ẹní náà ní kíká, Yèyé sì jókòó lé e. Àwẹ̀ró dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ó ti wá gbọ́ ìdájọ́ tirẹ̀.

“Yèyé, ẹ kò tẹ́ ẹní?”

“Màá tẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n lónìí, Àwẹ̀ró ló máa jókòó sórí àpótí. Ìwọ ló máa jókòó sílẹ̀.”

Láṣebìkan rẹ́rìn-ín. “Kò ṣeé ṣe, Yèyé. Ayẹ̀nà kì í fọwọ́ kan owó ẹyọ. Òfin àkọ́kọ́ nìyẹn.”

“Ta ló ni owó ẹyọ?”

“Ẹ̀yin ni.”

“Ẹní ńkọ́?”

“Ẹ̀yin náà ni, Yèyé.”

“Ta ló ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí o dúró sí?”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

“Òfin àkọ́kọ́ tèmi nìyẹn.” Ìyá arúgbó náà dìde kúrò lórí ẹní, ó sì fi ọ̀pá rẹ̀ tẹ́ ẹ. “Òfin rẹ ni Àwẹ̀ró máa lò. Kò ní yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò, kò ní fi ọ̀kan kún un. Bí o bá sọdá odò, Àwẹ̀ró á kúnlẹ̀, á ní odò dáa, á sì máa lọ sí ilé rẹ̀. Bí o bá rì, kò sí ẹni tó máa lé e kúrò lórí ẹní mi mọ́. Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́?”

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rù lọ afíngbá. Láṣebìkan ti jókòó kí Yèyé tó sọ ọ́ tán. “Jayéọlá, sún díẹ̀. Lónìí ni ẹ máa mọ bí wọ́n ṣe ń sọdá.”

Èrò tó yan fún ara rẹ̀ kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu: afíngbá ńlá kan ni, tó gbé igbá kan sẹ́yìn, igbá tó fẹ̀ bí agbada tí wọ́n fi ń yan gàrí. Àwẹ̀ró jókòó sórí àpótí, ó la ẹnu, igbó sì là. Kí n má parọ́, ó mọ̀ ọ́n sọ. Ó jẹ́ kí ìrì máa kán láti orí ewé, ó jẹ́ kí ẹyẹ kan máa pe Jayéọlá ní orúkọ ìyá rẹ̀. Láṣebìkan, tí kò jókòó sórí ẹní rí, di ọmọdé. Ó ń pàtẹ́wọ́. “Ó dùn o! Yèyé, ẹ ò sọ fún mi pé ó dùn báyìí nílẹ̀ níbí!”

Wọ́n dé ìyànà. Arúgbó aláta wà níbẹ̀.

“Ọ̀nà ọ̀tún ni kí ẹ gbà,” arúgbó náà wí lẹ́nu Àwẹ̀ró.

Láṣebìkan fi ìgúnpá gún Jayéọlá. “Òpùrọ́ ni. Èmi ni mo dá a. Òsì la máa gbà.” Wọ́n gba òsì, wọ́n já sínú ẹrẹ̀, wọ́n sì pàdánù bàtà. Arúgbó náà ti sọ òótọ́ lọ́jọ́ yẹn.

“Ta ní kó sọ òótọ́?” Láṣebìkan bínú.

“Òfin kò ní kó má sọ ọ́,” Àwẹ̀ró fèsì.

Ẹ̀rín pa Jayéọlá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe tí wọ́n fi dé etí odò.

Jayéọlá ló kọ́kọ́ dà á. Ó pa ojú dé, ó mi owó ẹyọ, ó sọ ọ́ sílẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lanu. Ariwo tó pa, ẹ ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó fò sókè, orí rẹ̀ kan òrùlé. “Mo sọdá! Ẹ bá mi sọ fún ìyá mi! Jayéọlá ti sọdá!”

“Ẹ rí i?” Láṣebìkan wí. “Mo sọ fún yín pé kò le.” Ó kó owó ẹyọ, ó dà á bí ẹni tó ń fọ́n iyọ̀ sí ọbẹ̀. Méjì lanu, méjì dojú bolẹ̀.

“Odò gba ekùrọ́ kan,” Àwẹ̀ró wí.

“Ẹní yìí ò tẹ́jú.”

Wọ́n tún ẹní ṣe. Ó dà á. Mẹ́ta lanu. Ó tẹjú mọ́ ọ̀kan tó kù bí ẹni pé ó bú ìyá rẹ̀.

“Odò gba ekùrọ́ kejì.”

“Dúró, dúró ná.” Láṣebìkan fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí. “Mo ní igbá. Kí ni mo gbé igbá dání fún láti àárọ̀? Gbogbo ayé ló mọ̀ pé igbá ń léfòó. Mo gbé igbá mi sórí omi, mo jókòó sínú rẹ̀, mo ń fi ọwọ́ wa omi, mo ń lọ jẹ́ẹ́.”

“Odò kò mọ igbá.”

“Kí lo wí?”

“Òfin ni òfin, ẹ̀gbọ́n. Níbo ni òfin odò ti dárúkọ igbá?”

“Àwẹ̀ró, lo làákàyè! Igbá kì í rì!”

“Okùn náà kì í já,” Àwẹ̀ró dáhùn. “Ẹ da owó ẹyọ.”

Láṣebìkan kó owó ẹyọ náà jọ. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí owó ẹyọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dà á. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dojú bolẹ̀, wọ́n sùn síbẹ̀ bí adìẹ tó sàba.

“Afíngbá rì. Gbogbo èrò padà sílé.”

“Èmi kọ́!” Jayéọlá ké. “Èmi ti sọdá! Mo wà lódìkejì, aṣọ mi ti ń gbẹ!”

“O padà sílé, Jayéọlá.”

“Nítorí pé ẹlòmíràn rì? Kí ló kàn mí níbẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dá sí i!”

Láṣebìkan ti dìde. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lókè. “Ọ̀rọ̀ rírùn ni! Igbá kò wúlò, ẹni tó sọdá kò sọdá! Wèrè wo ló tiẹ̀ ṣe irú òfin báyìí?”

Gbogbo ojú yí sí i.

Atẹ ẹ̀gúsí ló kọ́kọ́ já bọ́ lórí itan Yèyé. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ́. Yèyé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, Jayéọlá yí gbirigbiri lórí ẹní, Àwẹ̀ró fi gèlè bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Láṣebìkan dúró síbẹ̀ tòun ti ọwọ́ lókè. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó ń wá wèrè náà. Nígbà tó rí i, ẹ̀rín mú òun náà, ó sì jókòó pẹ̀ẹ́.

“Mo dán an wò,” ó wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀. “Mo búra fún yín. Mo dà á nílé, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì lanu. Mo tiẹ̀ rò pé ó ti rọrùn jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí gbogbo èrò máa padà sílé, kó lè le díẹ̀.”

“Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ dà á, ẹ̀gbọ́n?” Àwẹ̀ró béèrè.

Láṣebìkan fi ìka ha ẹní. “Ẹ̀ẹ̀kan.”

Ẹ̀rín tún gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tó rọlẹ̀, ó kọjú sí Àwẹ̀ró. “Sọ̀kalẹ̀ wá sí ààyè rẹ. Jókòó. Báwo la ṣe máa tún odò yìí ṣe?”

Àwẹ̀ró ti ní in lẹ́nu láti ọjọ́ pípẹ́. “Kí méjì lanu, ó tó. Ẹni tó bá ní ohun tó lè ràn án lọ́wọ́, kó dà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá sì ti sọdá lè na ọwọ́ sí ẹni tó ń rì.”

Láṣebìkan rò ó. Ó rò ó bí ẹni tó ń wo igbá kó tó fi ọ̀bẹ kàn án. “Ó dáa. Ṣùgbọ́n odò á ṣì máa gba ekùrọ́. Odò tí kì í gba nǹkan kan, àgbàrá ni.”

“Mo gbà bẹ́ẹ̀,” Àwẹ̀ró wí. “Ìyẹn dáa.”

Wọ́n dà á. Obìnrin ọlọ́kùn sọdá, ọdẹ sọdá, afíngbá náà jókòó sínú igbá rẹ̀, ó pàdánù ekùrọ́ kan, wọ́n fi okùn fà á dé èbúté. Láṣebìkan wá dìde, ó padà sórí àpótí rẹ̀, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó mọ ohun tó kù. Yèyé gbé atẹ ẹ̀gúsí jìnnà sí ara rẹ̀. Jayéọlá jókòó dáadáa. Ìlú Ojúmọ́ ti wà níwájú wọn, ìrìn díẹ̀ ló kù.

Láṣebìkan la ẹnu. Jayéọlá ló dá a dúró.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ọdún méjì ni ẹ fi jókòó síbẹ̀ yẹn, iwájú yín báyìí la ti ń rì. Ṣé ẹ kò rí wa ni?”

Láṣebìkan sọjú sílẹ̀ wo ẹní.

“Mi ò wo odò rí,” ó wí. “Ìlú ni mò ń wò. Bí ẹ bá ti gbéra nílé, ojú mi ti dé ẹnu ibodè rẹ̀, mo ń wo bí inú yín ṣe máa dùn lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i.”

Àwẹ̀ró fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ lórí ẹní. “Tótó, ó ṣe bí òwe lójú ẹ̀yin àgbà.”

“Pa á,” Yèyé Ẹfúntọ́lá wí. “Wàá pa òmíràn.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ń yẹ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́.”